Ara Yíyún ní Kọ̀rọ̀ Itan, Abíyá àti Abẹ́ Ọmú: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Nínú àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń kọ sínú àpótí wa lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí HIV, ọ̀kan wà tí kì í wọ́n níbẹ̀: "Ara ń yún mi lábẹ́. Ṣé HIV ni?" Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í kọ orúkọ wọn sí i, ojú ń tì wọ́n. Àwọn òbí náà ń béèrè, ṣùgbọ́n ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń béèrè. Ìdí nìyí tí a fi ya ìwé pélébé yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń ṣe Aboyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì fi han ẹni tó ń fi ara họ ògiri ní ìkọ̀kọ̀.

ÌBÉÈRÈ 1: Kí ló ń fa ara yíyún yìí gan-an?

ÌDÁHÙN: Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì jẹ́ ẹ̀dá tíntìnní tí ojú lásán kò lè rí, ìbátan ni òun àti olú. Ìbátan ni òun àti nǹkan funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ẹ wo bí búrẹ́dì ṣe ń bu: tí ẹ bá dì í mọ́ inú náílọ́ọ̀nù, tó gbóná, tó lọ́rinrin, tí atẹ́gùn kò sì kàn án, kò ní pẹ́ bu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí awọ ara ti pàdé awọ ara: kọ̀rọ̀ itan, abíyá, abẹ́ ọmú, abẹ́ ikùn fún ẹni tó sanra, àárín ìdí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti abẹ́ ọrùn ọmọ jòjòló. Òógùn ń kó síbẹ̀, ara ń ra ara, awọ á bó, fọ́ńgọ́ọ̀sì á wá rí ilé gbé.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni èyí tó ń fa làpálàpá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Trichophyton rubrum ló sábà máa ń wà ní kọ̀rọ̀ itan àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Èkejì ni Candida. Candida yìí kan náà ló ń fa funfun inú ẹnu, òun náà ló sì ń mú kí ojú ara obìnrin máa yún, kí omi funfun bíi wàrà dídì máa jáde. Kì í ṣe ẹ̀gbin ló ń fà á o. Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ lè ní in, tí kò bá ti nu ara rẹ̀ gbẹ.

ÌBÉÈRÈ 2: Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?

ÌDÁHÙN: Làpálàpá kọ̀rọ̀ itan máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àmì kékeré, á wá máa fẹ̀ lọ sórí itan. Etí rẹ̀ máa ń ga díẹ̀, á máa bó, á ní kókó wẹ́wẹ́. Àárín rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó ti ń san. Kì í sábà kan kóropọ̀n. Candida ní tirẹ̀ máa ń rin, ó ń ta èèyàn bí ata, kókó wẹ́wẹ́ sì máa ń yọ yí i ká bí ọmọ tó yí ìyá rẹ̀ ká. Ó lè kan kóropọ̀n.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, wọ́n á sọ pé ó máa ń "pupa". Ìwé aláwọ̀ funfun nìyẹn. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú ju ara tó kù lọ, ó lè rí bí àwọ̀ ilẹ̀, tàbí kó dà bí eérú. Torí náà, ẹ má ṣe sọ pé "kò pupa, kì í ṣe òun."

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yúnni lábẹ́ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì. Kúrúnà máa ń yúnni jù lóru, ó máa ń wà láàárín ìka ọwọ́ pẹ̀lú, ó sì máa ń mú ará ilé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ egbò, tàbí ọyún ń jáde, tàbí ìtọ̀ ń gbóná, ẹ má fi ìpara kankan tàn án. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀. Egbò tó bá wà lójú ara lè ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò HIV nígbà ìbálòpọ̀.

ÌBÉÈRÈ 3: "Ọmọ ọdún 17 ni mí, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí abẹ́ ti ń yún mi. Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní ìpara kan. Bí mo bá fi pa á, á dákẹ́. Bí mo bá fi sílẹ̀, á padà wá, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti dé orí itan mi báyìí. Mo bá ọmọbìnrin kan sùn lẹ́ẹ̀kan ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, a ò lo kọ́ńdọ̀mù. Mi ò lè sọ fún màmá mi. Mi ò kì í sùn mọ́ lóru. Ṣé HIV ni?"

ÌDÁHÙN: Ọmọ wa, o ṣeun tó o kọ ọ́. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, jẹ́ ká tú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àkọ́kọ́, ara yíyún náà. Làpálàpá kọ̀rọ̀ itan wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní HIV rárá: wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń wọ jíńsì tó fún, wọ́n sì ń yá ara wọn ní aṣọ ìnura. Kò sí ẹni tó lè fi ojú wo làpálàpá kó sọ pé HIV ni. Bí ìtàn rẹ ṣe rí, ó jọ pé ìpara yẹn gan-an ló ń dá ẹjọ́ sílẹ̀. Wo ara páálí rẹ̀. Tó o bá rí betamethasone, clobetasol tàbí dexamethasone níbẹ̀, sitẹ́rọ́ọ̀dù nìyẹn. Wọ́n máa ń po irú rẹ̀ mọ́ oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì àti oògùn apakòkòrò, kí wọ́n máa tà á bí ẹni pé kò sóhun tí kò lè wò. Sitẹ́rọ́ọ̀dù máa ń pa yíyún lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń so àwọn sójà ara lọ́wọ́ ní ojú ibẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì á wá máa jẹun lọ láìsí ẹni tó ń dá a lẹ́kun. Ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ̀. Tí èèyàn bá sì lò ó pẹ́ ní kọ̀rọ̀ itan, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á fà ya ní ìlà-ìlà tí kì í lọ mọ́. Dáwọ́ rẹ̀ dúró. Yíyún náà lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Má jẹ́ kó tàn ọ́ padà sídìí rẹ̀. Torí pé ó ti pẹ́, tó sì ti fẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ṣeé ṣe kó o nílò oògùn oníhóró pẹ̀lú ìpara.

Èkejì, ọ̀rọ̀ HIV. Kì í ṣe torí làpálàpá ló fi yẹ kó o ṣe àyẹ̀wò. O bá èèyàn sùn láìlo kọ́ńdọ̀mù, ìyẹn nìkan tó ìdí. Ó sì ti lé ní oṣù mẹ́ta, nítorí náà àyẹ̀wò tó o bá ṣe lónìí á sọ òótọ́ fún ọ lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa fà ní orí ìka, èsì rẹ̀ kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àṣírí rẹ sì ni. Tí kò bá sí, wàá sùn lóru òní. Tó bá wà, kì í ṣe ìdájọ́ ikú mọ́. Láti ọdún 2006 ni ìjọba Nàìjíríà ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni oògùn ARV ní ilé ìwòsàn ìjọba. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de ìgbà tí ara rẹ̀ bá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí kòkòrò náà kò sì hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Oṣù mẹ́rin tó o fi ń rò ó nínú òkùnkùn yẹn, òun gan-an ló ń pa ọ́ lára jù.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí: ọmọ yìí ní "Mi ò lè sọ fún màmá mi." Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ yín bá ní abẹ́ ń yún òun, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín má jẹ́ "Kí lo lọ ṣe?" Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Láti ìgbà wo? Kí lo fi ń pa á?"

ÌBÉÈRÈ 4: Báwo ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa?

ÌDÁHÙN: Ìpara ló ń wo ọ̀pọ̀ jù lọ, kò sì wọ́n. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ibẹ̀. Ẹ má fi kànrìnkàn họ ọ́.

2. Ẹ fi aṣọ ìnura tó gbẹ tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má ra á. Ẹ jókòó síwájú fáànù tàbí ojú fèrèsé fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọ aṣọ.

3. Ẹ lọ sọ́dọ̀ apòògùn, ẹ béèrè clotrimazole 1% tàbí miconazole 2%. Méjèèjì ń ja làpálàpá àti Candida. Terbinafine dára fún làpálàpá. Nystatin kò ran làpálàpá rárá, Candida nìkan ló ń bá jà. Ẹ má lọ fi owó yín ṣòfò.

4. Ẹ fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ jẹ́ kó kọjá etí ibi tó ń yún ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, nítorí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti rìn kọjá ibi tí ojú rí i dé.

5. Ẹ má dáwọ́ dúró nítorí pé kò yún mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Tí ẹ bá ń lo clotrimazole tàbí miconazole, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Lẹ́yìn tí ara bá sì ti mọ́ tán, ẹ tún pa á fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i.

6. Ẹ yẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín wò. Tó bá ń bó, tó ń yún, ẹ tọ́jú òun náà. Bí ẹ bá ń ti ẹsẹ̀ bọ pátá, ẹ̀ ń gbé fọ́ńgọ́ọ̀sì láti ẹsẹ̀ lọ sí ìtan nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ tó wọ pátá.

Ìkìlọ̀ kan wà fún àwọn tọkọtaya: ìpara ọlọ́ràá tí ẹ bá fi pa ojú ara lè jẹ́ kí kọ́ńdọ̀mù bẹ́. Ẹ fara mọ́ra títí ìtọ́jú á fi parí.

Lẹ́yìn ìwòsàn, ojú ibẹ̀ lè dúdú fún oṣù mélòó kan. Àpá lásán ni, kì í ṣe àrùn. Ẹ má fi ìpara ìbóra lé e kúrò.

ÌBÉÈRÈ 5: "Ìyá àgbà wa ní kí n fi kẹrosíìnì pa á. Aládùúgbò wa ní omi bátìrì ló dára. Àwọn kan ní ewé asúnwọ̀n. Èwo ni ká ṣe?"

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kẹrosíìnì padà sídìí sítóòfù. Omi bátìrì jẹ́ ásíìdì; ó ń jó awọ ara ni, kò mọ ẹni tí í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ìfọṣọ tó ń bó aṣọ. Àpá iná lábẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ti ewé asúnwọ̀n, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń fi wo làpálàpá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà sì ti rí i nínú ilé àyẹ̀wò pé oje rẹ̀ ń ja fọ́ńgọ́ọ̀sì. A kì í bú u. Ṣùgbọ́n bí a ṣe gún un nílé kò ní òṣùwọ̀n, kọ̀rọ̀ itan tó ti bó kò sì dà bí ẹ̀yìn apá. Ó lè ta yín kọjá ààlà. Ìpara Whitfield tí àwọn àgbà mọ̀ bí ẹni mowó náà dára fún làpálàpá ara gbígbẹ, àmọ́ ó máa ń ta gan-an ní ibi tí ara ti pàdé ara.

Ẹ má kàn ra oògùn oníhóró lójú títì. Ní ọdún 2013, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ketoconazole oníhóró ṣe oògùn àkọ́kọ́ fún fọ́ńgọ́ọ̀sì kankan, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ti Yúróòpù dábàá lọ́dún kan náà pé kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró.

ÌBÉÈRÈ 6: "Àbúrò ọkọ mi tó ní HIV ń gbé pẹ̀lú wa, ara sì ń yún un. Ṣé kí n ya abọ́ àti aṣọ rẹ̀ sọ́tọ̀? Mo ní ọmọ kéékèèké."

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, HIV kì í gba inú abọ́, aṣọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ìfọwọ́kàn ran ẹnikẹ́ni. Kò sì gba inú làpálàpá jáde. Ẹ jọ máa jẹun, ẹ jẹ́ kó máa gbé àwọn ọmọ.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló lè gba inú aṣọ ìnura àti pátá. Torí náà, kí olúkúlùkù nínú ilé ní aṣọ ìnura tirẹ̀, pátá tirẹ̀, kànrìnkàn tirẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo yín ni. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ya sọ́tọ̀, ìdẹ́yẹsí nìyẹn, ó sì ti mọ̀ ọ́n lára kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Òfin wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2014 tó lòdì sí dídẹ́yẹ sí ẹni tó ní HIV.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn pín: abẹ ìfárí. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè gbé HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ kiri. Ẹni tó bá fẹ́ fá irun abíyá tàbí irun abẹ́, kó ra tirẹ̀. Nígbà tí ara bá sì ń yún, kó má fá a rárá.

ÌBÉÈRÈ 7: "Ọmọbìnrin mi ń lo ARV láti kékeré. Ara yíyún náà tún ti padà wá lábẹ́ ọmú. Ṣé oògùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

ÌDÁHÙN: Kò dandan. Ẹni tí kò ní HIV náà ń ní in, pàápàá nígbà òjò tí kọ́mú kì í gbẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín bọ́gbọ́n mu. Nígbà tí HIV bá ti pa sójà ara púpọ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì á máa rí àyè tàn kálẹ̀. Ẹ mú un lọ sí kílíníìkì kí wọ́n wo iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti CD4 rẹ̀.

Ní ilé, ẹ bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó ti ń fo oògùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ti dàgbà sídìí oògùn máa ń sú nígbà mìíràn. Wọ́n á fẹ́ dà bí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ bá a wá àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tí dókítà bá fẹ́ fún un ní fluconazole tàbí itraconazole, ẹ rí i pé ó mọ orúkọ ARV tó ń lò, nítorí àwọn oògùn kan máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. Tó bá lóyún, kó sọ ọ́ pẹ̀lú.

Ẹ ní kí wọ́n tún yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Ṣúgà tó pọ̀ lára máa ń bọ́ Candida yó. Èèyàn púpọ̀ ló ti fi yíyún abẹ́ ọmú mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà.

ÌBÉÈRÈ 8: Ọmọ jòjòló ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ máa pààrọ̀ nápí rẹ̀ ní kété tó bá ti tọ̀ tàbí yàgbẹ́. Ẹ nu ìtan àti abẹ́ ọrùn rẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀, wàrà máa ń ṣàn síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà láìwọ nápí fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má da pọ́dà sí i lábẹ́. Ó ń fà á símú, ó sì ń di mọ́ ojú egbò. Tí kò bá san ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ 9: Kí la lè ṣe kó má padà wá?

ÌDÁHÙN: Gbogbo rẹ̀ kò ju kí ara gbẹ lọ.

- Ẹ wọ pátá òwú tí kò fún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, àti lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tàbí iṣẹ́ oko.
- Ẹ sá pátá àti kọ́mú sí oòrùn. Àwọn ìyá kan máa ń kọ́ ọmọbìnrin pé kó fi pátá pamọ́ sábẹ́ aṣọ mìíràn lórí okùn, tàbí kó sá a sínú ilé ìwẹ̀. Nínú òkùnkùn tó lọ́rinrin yẹn ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ń jẹ́ ọba. Tí ojú bá ń tì yín, ẹ wá kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìnkùlé tí oòrùn dé.
- Nígbà òjò, ẹ lọ pátá gbẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.
- Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ òkìríkà, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.
- Ẹni tó sanra lè fi aṣọ òwú tó mọ́ sí abẹ́ ọmú tàbí abẹ́ ikùn kó máa fa òógùn.

ÌBÉÈRÈ 10: Ìgbà wo ni kí n sáré lọ sí ilé ìwòsàn?

ÌDÁHÙN: Tí ẹ bá ti lo ìpara tó yẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì dín kù. Tí ó bá wú, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà dé. Tí ó bá ń padà wá lemọ́lemọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lú, tí ẹ bá rí funfun tó lẹ̀ mọ́ inú ẹnu, tí oúnjẹ ń dùn yín lọ́nà ọ̀fun, tí ẹ ń rù, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru kò dá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ RÁNTÍ:
Ara yíyún lábẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí HIV.
Ìpara tó ń pa yíyún lẹ́nu mọ́ lè máa bọ́ àrùn.
Ẹ parí oògùn yín kódà tí kò bá yún mọ́.
Àyẹ̀wò nìkan ló ń sọ òótọ́ nípa HIV.

Tí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi sí ibi tí ọmọ ilé yín á ti rí i láìsí pé ẹ sọ ohunkóhun.